Mo mọ solfa, mo mọ orí béèsì, síbẹ̀ mi ò lè ka nóòtì lójú ẹsẹ̀: kí ni kí n ṣe?

OkùnMẹ́rin_Abk béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ni mò ń ta. Etí mi ń gbọ́ orin dáadáa, mo lè fi solfa kọ ohun tí mo bá gbọ́ sílẹ̀, mo sì mọ orúkọ gbogbo nóòtì láti fret (àlàfo tí irin pín sórí ọrùn gìtá) kìíní dé ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé orin onílà márùn-ún síwájú mi báyìí, ńṣe ni mo máa ń ka ìlà láti ìsàlẹ̀ wá sókè: G, B, D... Kí n tó mọ̀ pé D ni, àwọn tó kù ti dé báà (ìpín orin láàárín ìlà òró méjì) kẹfà. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà sábẹ́ nóòtì rí. Ó ṣiṣẹ́ fún orin yẹn nìkan. Nígbà tí orin mìíràn dé, ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ náà ni mo padà sí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ìṣẹ́jú mélòó lójúmọ́? Irú ìwé wo ni kí n máa kà, ṣé tab (ìwé tó ń fi nọ́ńbà fret hàn dípò nóòtì) sì lè ràn mí lọ́wọ́? Ṣé solfa tí mo mọ̀ yìí wúlò níbí, àbí òun gan-an ló ń dí mi lọ́wọ́? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ṣáà máa ṣe é, á mọ́ ẹ lára" dá mi lóhùn.

Àgbà_Béèsì dáhùn pé:

Àbúrò, pẹ́ńsù yẹn ni kí o kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Ojú ènìyàn ya ọ̀lẹ. Bí lẹ́tà bá wà lábẹ́ nóòtì, lẹ́tà ni yóò kà, kò ní bojú wo nóòtì rárá. Nọ́ńbà ìka níbi tí ọwọ́ ti máa ṣí kúrò, àti róbótó yí ká ṣáàpù (àmì tó ń gbé nóòtì sókè ní fret kan) tàbí fíláàtì (èyí tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní fret kan) tí o ti gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn nìkan ló yẹ kí pẹ́ńsù kọ sórí ìwé.

Gbólóhùn àrántí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé, G B D F A fún ìlà, A C E G fún àlàfo, kò ní gbé ọ jìnnà, torí òun gan-an ló kọ́ ọ láti máa ka ìlà láti ìsàlẹ̀ wá sókè. (Ní ti Yorùbá, ta ló tilẹ̀ fẹ́ wá ọ̀rọ̀ tó fi C bẹ̀rẹ̀?)

Okùn rẹ ni kí o fi ṣe àmì ojú ọ̀nà. Nínú bass clef (àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó fi hàn pé ìlà márùn-ún náà jẹ́ ti ohùn ìsàlẹ̀), E tí a kò tẹ̀ jókòó sórí ìlà kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n fà sábẹ́ ìlà márùn-ún. A tí a kò tẹ̀ wà ní àlàfo ìsàlẹ̀ pátápátá. D tí a kò tẹ̀ wà lórí ìlà àárín gan-an. G tí a kò tẹ̀ wà ní àlàfo òkè pátápátá. Fi mẹ́ta kún un. Àkọ́kọ́ ni F, ìlà kẹrin tí àmì róbótó kékeré méjì ara clef há mọ́ àárín: okùn D, fret kẹta. Èkejì ni C, àlàfo kejì láti ìsàlẹ̀: okùn A, fret kẹta. Ẹ̀kẹta ni C òkè tó jókòó sórí ìlà kékeré lókè: okùn G, fret karùn-ún. Méje péré nìyẹn. Wò ó dáadáa, láti E ìsàlẹ̀ títí dé C òkè, kò sí nóòtì kan tó ju ìṣísẹ̀ kan lọ sí ọ̀kan nínú méje yìí. B orí ìlà kejì? Àárín A àti C ló wà. E àlàfo kẹta? Àárín D àti F. Kò sí ìdí láti ka ìlà mọ́.

Ya ìlà márùn-ún sórí páálí pélébé méje, nóòtì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pò wọ́n pọ̀, ṣí ọ̀kan, tẹ̀ ẹ́ lórí béèsì *láìpe orúkọ rẹ̀*. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ tó. Nígbà tí ọwọ́ bá ti ń dé ibẹ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́, fi mẹ́fà tó kù láàárín wọn kún un. Bí iná bá lọ, má dúró de jẹnẹrétọ̀. Béèsì tí kò sí lára ẹ̀rọ ń dún tó fún èyí: pe lẹ́tà, kí ọwọ́ wá a nínú òkùnkùn. Ọwọ́ tó bá mọ ọ̀nà lókùnkùn ló máa jẹ́ kí ojú lè dúró sára ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ohùn kí ẹnikẹ́ni má bàa dà ọ́ láàmú: béèsì máa ń dún ní ọ́kítéfù (ohùn mẹ́jọ) kan sísàlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. E tí a kò tẹ̀ ń dún ní nǹkan bí 41 Hz. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbi tó ti ń dún gan-an, abẹ́ ìlà kékeré kẹrin ni ì bá wà, kò sì sí ojú tó fẹ́ ka irú ìyẹn. Nítorí náà, bí onídùùrù bá ń tẹ nóòtì kan náà tí ohùn tìrẹ sì wà nísàlẹ̀ tiẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ìṣòro tí onídùùrù kò ní, tí àwa ní, ni pé nóòtì kan ní ilé púpọ̀. D orí ìlà àárín wà lórí okùn D láìtẹ̀, lórí okùn A ní fret karùn-ún, lórí okùn E ní fret kẹwàá. G àlàfo òkè ní ilé mẹ́rin: okùn G láìtẹ̀, okùn D fret karùn-ún, okùn A fret kẹwàá, okùn E fret kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ń yan ilé nígbà tí orin ti ń lọ, ó ti pẹ́. Kí o tó ta nóòtì kankan, wá èyí tó wà nísàlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù nínú ìlà méjì àkọ́kọ́, kí o wá fi ọwọ́ síbi tí yóò ti kó gbogbo wọn. Ọwọ́ tó bá jókòó sí fret kìíní dé ẹ̀kẹrin, tí a bá fi okùn tí a kò tẹ̀ kún un, kó gbogbo ohun tó wà láti E ìsàlẹ̀ dé B tó wà lókè ìlà karùn-ún. Ọ̀pọ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì kì í kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ tó wà ní fret karùn-ún dé ẹ̀kẹjọ máa ń kó láti A àlàfo ìsàlẹ̀ dé E fíláàtì òkè, láìlo okùn tí a kò tẹ̀ rárá. Ọwọ́ méjì yìí ni kí o kọ́kọ́ mọ̀.

Fret ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn fẹ̀ o. Bí ìka kẹta bá ń dùn ọ́, ta á bí àwọn tó ń ta double bass: ìka kìíní, ìkejì, ìkẹrin, kí ìka kẹta kàn máa ran ìkẹrin lọ́wọ́. Kí igi tí o gbé ìwé lé wà ní apá òsì rẹ díẹ̀, síhà ibi tí ọrùn béèsì nà sí, kí ó sì ga tó àyà. Bí ìwé bá wà ní apá ọ̀tún, gbogbo ìgbà tí o bá yíjú wo ọwọ́ ni wàá pàdánù ibi tí o kà dé.

Ìka_Onílù dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ibi tí ọwọ́ máa dé. *Ìgbà* tí ó máa dé ibẹ̀ ló le jù. Nóòtì tó ṣì àmọ́ tó bọ́ sí àkókò, ọ̀pọ̀ ìjọ ò ní mọ̀. Nóòtì tó tọ̀nà tó pẹ́ dé, onílù á yíjú wò ọ́.

Ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Kí o tó fi ohùn sí i, fi ọwọ́ òsì bo okùn kí ó má dún, kí ìka ọ̀tún máa ta àkókò nìkan lórí okùn A. Ka bíìtì sókè ní Yorùbá, má fi ṣe Gẹ̀ẹ́sì: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sílébù méjì. *E* bọ́ sórí bíìtì, *ní* bọ́ sí ìdajì rẹ̀. *È* sórí bíìtì, *jì* sí ìdajì. Quaver (nóòtì ìdajì bíìtì) mẹ́jọ inú báà ti pín ara wọn lẹ́nu rẹ kí o tó mọ̀. Tí quaver kan bá wà ní ìdajì bíìtì kejì, ibi *jì* ló wà, kò tún sí àríyànjiyàn. Semiquaver mẹ́rin nínú bíìtì kan, sọ pé *Ò-gbó-mọ̀-ṣọ́*. Mẹ́ta nínú bíìtì kan, *Ì-bà-dàn*. Orin 6/8, Ìbàdàn méjì ni báà kan. Etí wa mọ 6/8 dáadáa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ojú ni kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá rí quaver mẹ́fà tí wọ́n so ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀rù á bà wá. Bí onílù bá lù ú, ara wa á máa mì.

Metronome (ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì): má lọ wo ìyára tí wọ́n kọ sókè ìwé. Wá báà tó le jù lójú ewé, wá ìyára tí o lè fi ka *báà yẹn* láìkọsẹ̀, kí o fi bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó lè jẹ́ 50 ní ìṣẹ́jú kan, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Tí o bá ti bẹ̀rẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ dúró, o ò sì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lọ tún nóòtì ṣe. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó ń padà lọ tún àṣìṣe ṣe ń kọ́ ara rẹ̀ láti máa dúró ni, ẹgbẹ́ akọrin kò sì ní dúró dè é. Bí nóòtì bá bọ́, jẹ́ kó lọ, pàdé wọn ní *e* báà tó ń bọ̀. Bí o bá já ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójú ewé kan, ìyára ti pọ̀ jù, fi mẹ́wàá sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́. Minim rest (ìdákẹ́ bíìtì méjì) dà bí fìlà tó jókòó sórí ìlà kẹta. Semibreve rest (ìdákẹ́ bíìtì mẹ́rin) dà bí fìlà tó dojú dé, tó so rọ̀ mọ́ abẹ́ ìlà kẹrin. Wọ́n tún máa ń lò ó fún odidi báà tí kò sí ohun kankan nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ 3/4. Lórí béèsì, okùn kò ní dákẹ́ fúnra rẹ̀, pàápàá E tí a kò tẹ̀. Ọwọ́ òsì ló máa fọwọ́ kàn án, àtàǹpàkò ọ̀tún á sì sinmi lé e. Ẹni tó ka rest tí okùn rẹ̀ ṣì ń hó kò tíì ka rest.

Quaver tí wọ́n so mọ́ nóòtì inú báà kejì, irú èyí tó kún inú jùjú àti highlife: kọ́kọ́ ta á bí ẹni pé wọn ò so ó, kí nóòtì kejì dún lórí bíìtì. Tó bá ti dúró, wá gbé èyí kejì mì, kí ẹnu ṣì máa pe *e* rẹ̀.

OkùnMẹ́rin_Abk:

Ẹ ṣeun gan-an. "Ení, èjì" yẹn, mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí tábìlì báyìí, ó bọ́ sí i. Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ti solfa ṣá.

Tónìkì_Sólfà dáhùn pé:

Ẹ kú ìjókòó. Solfa yín wúlò, bí ẹ bá ti mọ ibi tí d jókòó sí. (Kì í ṣe dò-re-mí àmì ohùn ti iléèwé o.) Èyí tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn míṣọ́nnárì gbé dé ọ̀dọ̀ wa, d rẹ̀ máa ń ṣí kiri pẹ̀lú kíì (ohùn tí orin fi ṣe ilé). Ìwé onílà márùn-ún ń sọ ibi tó ṣí lọ fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣáàpù tó wà lápá ọ̀tún jù ni t. Fíláàtì tó wà lápá ọ̀tún jù ni f. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣáàpù kan, F ni. F ṣáàpù ni t, d jẹ́ G. Ṣáàpù mẹ́rin, D ṣáàpù ló kẹ́yìn, òun ni t, d jẹ́ E. Fíláàtì méjì, E fíláàtì ló kẹ́yìn, òun ni f; ẹ ka wálẹ̀, m jẹ́ D, r jẹ́ C, d jẹ́ B fíláàtì. Bí fíláàtì bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tilẹ̀ lè wo èyí tó ṣáájú ìkẹyìn, òun gan-an ni d. Bí orin bá dá lórí l, tó sì ń parí síbẹ̀, minor ni, ibi tí l wà ni ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú báà mẹ́rin, 4/4, fíláàtì kan:

Báà kìíní: crotchet (nóòtì bíìtì kan) mẹ́rin, F A C A.
Báà kejì: minim (nóòtì bíìtì méjì) méjì, B fíláàtì, D.
Báà kẹta: crotchet tó ní àmì róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́, C, quaver kan, B fíláàtì, crotchet méjì, A, G.
Báà kẹrin: semibreve (nóòtì bíìtì mẹ́rin), F.

Ìlàjì ìṣẹ́jú ni kí ẹ fi wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn. Fíláàtì kan: òun náà ni f, d jẹ́ F. Nóòtì ìsàlẹ̀ jù ni F tó wà lábẹ́ ìlà kìíní, èyí tó ga jù ni D ìlà àárín. Ọwọ́ sí fret kìíní, kò sí ìdí láti ṣí kúrò. Báà tó le jù ni ìkẹta, nítorí àmì róbótó yẹn. Ẹ pe ìkẹta lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan: C dún ní *e*, ó dúró kọjá *ní* àti *è*, quaver bọ́ sí *jì*, A sí *ẹ̀* ti ẹ̀ta, G sí *ẹ̀* ti ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọkàn kọ ọ́: d m s m, f l, s f m r, d. Ẹ rí i pé orin ti wọlé sí etí kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ báà kẹta ní solfa, *s : - .f | m : r* ni.

Wàyí o, ọwọ́: F, okùn E fret kìíní. A, okùn A láìtẹ̀. C, okùn A fret kẹta. B fíláàtì, okùn A fret kìíní. D láìtẹ̀. G, okùn E fret kẹta. Ibi mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́. B á di B lásán, fret kejì, nítorí ojú ti gbàgbé fíláàtì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ẹni tó bá ń gbọ́ f nínú ọkàn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò dùn. Ìkejì, minim D á kúrú, nítorí ojú ti ń sáré lọ sí báà kẹta. Ìkẹta, A láìtẹ̀ inú báà kẹta á ṣì máa dún pẹ̀lú G, títí wọ inú F, bí ìka kò bá pa á.

Àgbà_Béèsì:

Mo gbà pẹ̀lú Tónìkì, àmọ́ kí àbúrò má fi solfa ṣe igi ìtìlẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí orin bá yí kíì láàárín ojú ewé, tàbí tí ṣáàpù àjèjì bá pọ̀ bíi ti jásì, ẹni tó ń wá d kiri á sọnù. Níbẹ̀, ìrísí ló ń gbani. Ohùn mẹ́ta, márùn-ún àti méje máa ń lọ láti ìlà sí ìlà tàbí àlàfo sí àlàfo. Ohùn mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́jọ máa ń bọ́ láti ìlà sí àlàfo, tàbí láti àlàfo sí ìlà. Okùn béèsì wá wà ní mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí náà ìrísí ojú ìwé ní ìrísí tirẹ̀ lórí ọrùn: mẹ́rin sókè, fret kan náà lórí okùn tó tẹ̀ lé e, márùn-ún sókè, okùn tó tẹ̀ lé e, fret méjì síwájú, mẹ́jọ sókè, fo okùn kan, fret méjì síwájú. Bí o bá rí nóòtì orí ìlà, tí ìlà kan ṣófo, tí nóòtì tún wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, márùn-ún nìyẹn, ọwọ́ ti mọ ibi tó ń lọ. B sí F nìkan ni kí o ṣọ́ra fún nígbà tí kò bá sí àmì kankan lára wọn, márùn-ún rẹ̀ fi fret kan kéré.

Ṣáàpù tàbí fíláàtì tó bá yọjú láàárín báà ń ṣiṣẹ́ títí báà yẹn fi parí, fún ìlà tàbí àlàfo yẹn nìkan. Ìlà ìpín báà ló ń pa á rẹ́. Tie (ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ tó so nóòtì méjì pọ̀) nìkan ló lè gbé e sọdá.

Olùdarí_Akọrin dáhùn pé:

Ìwé tí ẹ máa kà ti wà nínú àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá ìwé orin tó ní nóòtì olóhùn mẹ́rin, kì í ṣe èyí tó ní ọ̀rọ̀ nìkan. Nínú ìlà márùn-ún ìsàlẹ̀, nóòtì tí ìrù wọn kọ sókè jẹ́ ti tẹ́nọ̀, èyí tí ìrù wọn kọ sísàlẹ̀ jẹ́ ti béèsì. Ibi tí nóòtì kan bá ní ìrù méjì, ohùn méjèèjì pàdé níbẹ̀ ni. Ẹ ka ti ìrù ìsàlẹ̀. Kò sábà gòkè ju C òkè lọ, kò sì sábà sọ̀ kalẹ̀ ju F lọ. Orin mẹ́ta lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣí ewé. Bí ẹ bá ti ta á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ti há a sórí, kíkà ti parí níbẹ̀. Ẹ má yan orin tí ẹ mọ̀. Etí yín á máa fún ojú yín ní ìdáhùn.

Àléébù ibẹ̀ ni pé crotchet àti minim ló kún inú rẹ̀, ọwọ́ á mọ ohùn ṣùgbọ́n kò ní mọ àkókò tó le. Ohun tí Ìka_Onílù sọ lókè ni kí ẹ fi dí àlàfo yẹn.

Bí ó bá jẹ́ kàǹtátà (orin gígùn tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ) ni ẹ fẹ́ ta, ohun tó ń kó béèsì sí wàhálà jù ni ojú ọ̀nà orin. Kí ẹ tó wo nóòtì kankan, ẹ wá àmì ìpadà, àpótí 1 àti 2, D.C. (padà sí ìbẹ̀rẹ̀), D.S. (padà sí ibi àmì) àti Coda (apá ìparí orin), kí ẹ fi ìka tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ka gbogbo nóòtì dáadáa tí kò padà níbi D.S. ti wà nínú orin mìíràn. Ìlà dúdú tó nípọn tí wọ́n kọ 12 sórí rẹ̀ jẹ́ báà méjìlá láìta ohunkóhun. Ẹ kà á báyìí: *ení* èjì ẹ̀ta ẹ̀rin, *èjì* èjì ẹ̀ta ẹ̀rin, *ẹ̀ta* èjì ẹ̀ta ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni iye báà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn sòpíránò ń kọ ní báà kẹwàá sókè ìlà náà, ìyẹn ni pẹ́ńsù wà fún.

OkùnMẹ́rin_Abk:

Ẹ ṣeun, mà. Ojú ńkọ́? Ṣé iwájú ni kí ó máa wò, àbí nóòtì tí ọwọ́ ń ta lọ́wọ́? Mo tún ń ronú láti ra olókùn márùn-ún.

Ìka_Onílù:

Iwájú. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíìtì kan síwájú ọwọ́, títí yóò fi di báà kan. Ní kí ẹnìkan mú páálí pélébé, kí ó máa fi bo báà *bí o bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta á*. Bí o bá sọ pé "dúró, mi ò tíì rí i," ibi tí ojú rẹ wà nìyẹn. Nóòtì gígùn ni àyè rẹ: lórí semibreve, bíìtì mẹ́rin lo ní láti fi wo báà tó ń bọ̀, má jókòó máa wo semibreve.

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó: márùn-ún páálí nóòtì, márùn-ún àkókò lórí okùn tí a bò, mẹ́wàá ìwé tuntun. Ogún ojoojúmọ́ dára ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ.

Tab: nọ́ńbà fret ló fi hàn ọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì sọ bí nóòtì ṣe máa pẹ́ tó. Bí ìwé bá ní méjèèjì, fi bébà bo tab mọ́lẹ̀, kí o ṣí i níparí láti fi yẹ ọwọ́ wò.

Àgbà_Béèsì:

Olókùn márùn-ún, ní sùúrù díẹ̀. B ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbé lábẹ́ ìlà kékeré kejì, C sì wà lórí ìlà kékeré kejì yẹn, okùn B fret kìíní. D tó rọ̀ mọ́ abẹ́ ìlà kékeré kìíní jẹ́ okùn B fret kẹta. Mẹ́ta péré ni nóòtì tuntun tó yẹ kí ojú kọ́, ìyẹn bí wọn kò bá ní ṣáàpù tàbí fíláàtì. Ohun tó máa dà ọ́ rú ni pé gbogbo àmì ojú ọ̀nà tí o ti kọ́ á ní ilé kan sí i: E ìsàlẹ̀ á wà lórí okùn B fret karùn-ún pẹ̀lú, àtàǹpàkò tí ń sinmi lórí E á sì máa wá ibòmíràn. Kọ́kọ́ jẹ́ kí méje yẹn dúró lórí mẹ́rin.

Bí ìwé bá tán lọ́wọ́ rẹ, yí èyí tí o ti kà sódì, orí sísàlẹ̀, kí o ka á bí bass clef láti apá òsì. Clef á wà ní òpin ìlà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè, má dá a lóhùn. Àmì fíláàtì á wà lẹ́yìn nóòtì dípò iwájú, fojú fò ó. Kò ní dùn létí rárá, ìdí nìyẹn tí etí kò fi ní lè ran ojú lọ́wọ́.